Ààlè Orí Ilẹ̀ Sàúdátù

Ẹ̀yin ará Fìdítì, ẹ̀yin ará Ìlọrà, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbé mì ní bí ọdún méje sẹ́yìn. Ó ti di egungun lọ́fun mi, mi ò sì lè kú ikú ìrọ̀rùn àfi bí mo bá pọ̀ ọ́ jáde. Dókítà tó wò mí ní Ọ̀yọ́ ti sọ fún ọmọ mi pé kí ó máa gbé mi relé. Ó rò pé mo ti sùn, ṣùgbọ́n mo gbọ́. Inú mi kò bàjẹ́, nítorí ẹni tó mọ̀ pé ilẹ̀ ń ṣú lọ kì í tún fi ìmọ́lẹ̀ tó kù ṣòfò. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ etí odò tó wà ní Ìlọrà ni mo fẹ́ sọ, ilẹ̀ tí a fẹ́ kọ́ ilé-iṣẹ́ ọsàn sí tí a kò kọ́ mọ́. Gbogbo yín lẹ mọ obìnrin tí ẹ di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹrù náà ṣe dé orí rẹ̀.

Bí mo bá dùbúlẹ̀ báyìí, tí fèrèsé ṣí sílẹ̀, tí òórùn òdòdó ọsàn ń fẹ́ wọlé láti ẹ̀yìnkùlé, mi ò kì í mọ̀ bóyá mo sùn ni tàbí mo jí. Ìgbà náà ni ilé-iṣẹ́ náà máa ń yọ sí mi. Páànù orí rẹ̀ a máa dán bí omi adágún. Àwọn lọ́rì a tò síwájú rẹ̀, ẹ́ńjìnnì wọn kò ní dún, wọn yóò kàn máa sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀ bí àwọn màlúù tó ń lọ mu omi. Àwọn obìnrin a jókòó ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, wọn a máa bó ọsàn, èèpo ọsàn náà kì í sì í já. Yóò máa yí kúrò lẹ́nu ọ̀bẹ, yóò gba ẹnu ọ̀nà jáde, yóò tẹ́ sílẹ̀ bí ọ̀nà aláwọ̀ ewé tó lọ títí dé Ìbàdàn. Sàúdátù a wà láàárín wọn pẹ̀lú ìborùn funfun. N ó pè é, kò ní wo ọ̀dọ̀ mi. Bí mo bá ṣẹ́jú, ògiri ni mo ń wò. Ilé tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ rí, báwo ni mo ṣe wá mọ òórùn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀?

Gbogbo wa la mọ bí ọsàn ṣe ń ṣòfò. Nígbà tí ó bá so, òkìtì rẹ̀ a wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì láti Fìdítì dé Ìlọrà. Èyí tí mọ́tò kò bá lè kó, ibẹ̀ ni yóò ti jẹrà, tí eṣinṣin yóò máa fi ṣe ọdún. Èmi Ezekiel Adégòkè kò lè fara da òfò. Mi ò kì í tan fìtílà bí òṣùpá bá yọ. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́, láti òkè òkun ni wọ́n ti ń fi ránṣẹ́ sí mi nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́. Bí mo bá ti oko dé, n ó wẹ ọwọ́, n ó jókòó tì í. Olúrẹ̀mí, ìyàwó mi tó ti lọ sinmi, máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Bàbá yìí, bí òjìji bá ṣeé dáná, ẹ̀yin lẹ ó kọ́kọ́ ṣá tiyín." Mo máa ń rò pé ìwà rere ni ìkóra-ẹni-níjàánu tí mo ní yìí. Òun gan-an ló tì mí sínú ẹ̀ṣẹ̀.

Òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, olúkúlùkù ń lálàá. Àwa oníṣòwò ìlú márùn-ún bá pàdé: Fìdítì, Ìlọrà, Akinmọ̀ọ́rìn, Ìwàrè àti Jọ́bẹ̀lẹ̀. A ní kí á má dúró de ìjọba, kí á má sì gbé e ti ọba lọ́rùn. Ẹni tó ń ná ọjà ni kó ṣáájú, kí àgbẹ̀ àti oníṣẹ́ ọwọ́ tẹ̀ lé e, kí èrè rẹ̀ sì kan gbogbo agbègbè. A pe ara wa ní Àjùmọ̀ṣe. Àlhájì Láwàl ti Ìlọrà, ẹni tó ní lọ́rì púpọ̀ jù láàárín wa, ni alága. Èmi ni akọ̀wé, orúkọ tí ẹ sì ń pè mí títí dòní nìyẹn. Òyìnbó oníṣòwò kan wà ní Ìbàdàn tó gbà láti mú ẹ̀rọ tí ń fún omi ọsàn wá, bí àwa bá lè pèsè ilẹ̀, tí a sì lè fi ohùn kan sọ̀rọ̀. Mo ṣàlàyé fún ìpàdé pé ẹ̀rọ náà tóbi, ìlú kan ṣoṣo kò lè bọ́ ọ yó. Olúdáre tó ń ta ọ̀pẹ̀yìnbó ní Fìdítì pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Ìlú márùn-ún ni yóò máa bọ́ ọ? Akọ̀wé, ẹ̀rọ kọ́ lẹ fẹ́ gbé wá yẹn o, àna mi ni!" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn dùn. Mo ṣì ń gbọ́ ọ nígbà mìíràn, bí ìgbà tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín ní ilé kejì.

Ilẹ̀ ló kọ́kọ́ fẹ́ dá wa dúró. Èmi ti ní ibi kan lọ́kàn, ilẹ̀ ìdílé wa ní Fìdítì, lẹ́bàá títì gan-an. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń fi ojú inú kọ́lé sí i: ibi tí lọ́rì yóò gbà wọlé, ibi tí wọn yóò da èèpo sí kí ewúrẹ́ lè rí i jẹ, kí ohunkóhun má ṣòfò. Ṣùgbọ́n àwọn ẹbí mi kọ̀. Ẹnìkan ní oko bàbá òun ni, ẹlòmíràn ní sàréè ìyá òun wà níbẹ̀. Ìpàdé ń lọ, ìpàdé ń bọ̀, a ò rí ilẹ̀. Níjọ́ kan, Sàúdátù dìde. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n dáadáa, opó ni, òun ló ń ra ọsàn jù ní Ìlọrà, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ nínú ìpàdé. Ó ní, "Ẹ̀yin àgbà, ilẹ̀ bàbá mi wà létí odò. Èmi nìkan ṣoṣo ni wọ́n bí. Ẹ gbà á, ẹ lò ó. Bí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀, Fàòsíyà ọmọ mi yóò rí ibi ta ọsàn láìgun mọ́tò." Ó tún jókòó, bí ẹni tó kàn fún aládùúgbò rẹ̀ níyọ̀. Àlhájì Láwàl tẹ́wọ́, wọ́n wúre pé kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí i. A pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́.

Kò pẹ́ sí i ni àwọn ẹbí mi bá ránṣẹ́ pè mí pé àwọn ti gbà. Ẹ wo nǹkan! Mo sáré lọ bá Àlhájì ní Ìlọrà, mo ní ilẹ̀ Fìdítì ló yẹ, títì ló kọjú sí, mọ́tò kò ní máa rì sínú ẹrẹ̀ lásìkò òjò. Wọ́n wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. "Akọ̀wé, a ti fẹnu gbà á lọ́wọ́ obìnrin yẹn, a sì ti dúpẹ́. Ṣé kí n wá lọ gba ọpẹ́ mi padà ni?" Mo ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní, "Bí Ìlọrà bá jẹ, Fìdítì kò ní fi ebi sùn. Ẹ lọ fọkàn balẹ̀." Mo lọ, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Gbogbo ẹ̀bẹ̀ tí mo bẹ ẹbí mi, gbogbo ìrìn, gbogbo àròjinlẹ̀, wọ́n ti di àṣedànù. Mo sọ fún ara mi pé nítorí òfò ni mo ṣe ń bínú. Irọ́ ni. Mo fẹ́ kí wọ́n máa nawọ́ sí ilé náà pé ilẹ̀ Adégòkè nìyí. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ojú ń tì mí.

Òyìnbó ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ láàárọ̀ Sátidé láti wo ilẹ̀, kí àwọn òṣìṣẹ́ sì máa ṣán an lójú òun. Ibẹ̀ ni èrò náà ti wọ inú mi, jẹ́jẹ́ bí ọyẹ́ ṣe ń wọ yàrá. Mo ní bí àwọn òṣìṣẹ́ kò bá lè wọ ilẹ̀ yẹn lọ́jọ́ náà, òyìnbó kì í ṣe ẹni tó ní àkókò. N ó ní, "Ilẹ̀ mìíràn wà nítòsí," n ó sì mú un lọ sí Fìdítì. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ohun gbogbo yóò ti yanjú, ẹnikẹ́ni kò ní farapa. Kí ni yóò dá òṣìṣẹ́ dúró? Ààlè ni. Ẹni tó bá rí ààlè lára ohun kan kò ní béèrè ọ̀rọ̀, yóò yí ẹsẹ̀ padà, yálà mùsùlùmí ni tàbí ọmọ ìjọ aládùúrà. Èmi kò sì gbà á gbọ́. Èmi tó ń gba ẹ̀kọ́ láti òkè òkun! Mo ní àkísà àti ìkarahun ìgbín lásán ni.

Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ni mo gun kẹ̀kẹ́ mi lọ sí Ìlọrà, nígbà tí gbogbo ènìyàn wà ní mọ́ṣáláṣí. Sàúdátù náà wà níbẹ̀. Ìlú dákẹ́ bí ìlú inú àlá. Ọyẹ́ bo òrùlé, bo igi, ó bo ìparí ọ̀nà, ó dà bíi pé ohun tó wà níwájú mi kò ì tíì di dídá. Ohùn lèmọ́mù ń gba inú ọyẹ́ wá, ó rọra ń bọ̀, n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Mo dé ẹnu ilẹ̀ náà. Mo so àkísà pupa, ìkarahun ìgbín àti àjákù ìgbálẹ̀ pọ̀, mo fi wọ́n kọ́ ẹ̀ka igi òrombó tó wà lójú ọ̀nà. Mo ń wo ọwọ́ mi bí ó ti ń di kókó, àfi bíi pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni. Àgbébọ̀ adìẹ kan dúró, ó ń wò mí. Mo lé e. Atẹ́gùn yí nǹkan náà lẹ́ẹ̀kan, ó tún yí i padà, mo sì gun kẹ̀kẹ́ mi. Mi ò pàdé ẹnì kankan títí mo fi délé. Nígbà mìíràn mo máa ń bi ara mi pé ṣé mo lọ lóòótọ́? Mo lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, èrò pọ̀ níbẹ̀. Ìlú márààrún ló wá. Sàúdátù ru ọsàn wá fún àlejò, ó wọ aṣọ tó dára. Àwọn òṣìṣẹ́ gbé àdá, wọ́n ń ṣàwàdà bọ̀, àfi bí ẹni tó ṣíwájú wọn ṣe dúró gbagidi. "Ààlè!" Ó sọ àdá rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ má pè mí sí i o. Ìyá mi kò bí ọmọ tó ń fojú di ààlè." Àwọn tó kù náà sọ tiwọn sílẹ̀. Òyìnbó ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Àlhájì Láwàl ní, "Ta ló so èyí?" Mo ti la ẹnu tán láti sọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Fìdítì nígbà tí bàbá àgbàlagbà kan láti Akinmọ̀ọ́rìn dáhùn pé, "Àlhájì, ìbéèrè wo nìyẹn? Ta ni í so ààlè bí kò ṣe olóhun?"

 Ohun tí ọmọdé tó ń ṣọ́ èlùbọ́ lórí àpáta mọ̀, èmi gbàgbé rẹ̀. Olè kì í so ààlè, ọ̀tá kì í so ó. Ẹni tó ni nǹkan ló ń so ó, ohùn olóhun ni ààlè fi ń sọ̀rọ̀. Mo rò pé àkísà ni mo fi kọ́ igi. Ẹnu Sàúdátù ni mo fi kọ́ ọ. Gbogbo orí yí sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Èmi kẹ̀? Kí n fi ọwọ́ ọ̀tún fún yín, kí n fi tòsì gbà á?" Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀, Ìyá. Ẹ tú u kí a ríṣẹ́ ṣe." Ó sọ ọsàn kalẹ̀, ó na ọwọ́ sí i, ọwọ́ náà sì dúró sófuurufú. Òun ló kọ́kọ́ rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà há sí. Ó ní, "Bí mo bá tú u, ẹ ó ní èmi ni mo so ó." Ọ̀dọ́mọkùnrin kan fèsì pé, "Bí ẹ ò bá sì tú u, a jẹ́ pé ẹ ò fẹ́ ká wọlé nìyẹn." Ó fa ọwọ́ padà. "Ọwọ́ mi kò so ó. Ọwọ́ mi kò ní tú u."

Àlhájì Láwàl bá kọjú sí mi. "Akọ̀wé, ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣègbè, kí lẹ rí sí i?"

Ọlọ́run ṣe é tán fún mi níbẹ̀ yẹn. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù. Bí mo bá ní, "Èmi ni," ojú ì bá tì mí, ẹ ì bá bú mi, òyìnbó ì bá sì wo ilẹ̀ náà. Mo rí gbogbo rẹ̀ kedere nínú ọyẹ́ yẹn. Sàúdátù ń wò mí, kò sí ìbẹ̀rù lójú rẹ̀, ó dá a lójú pé ọ̀rọ̀ mi ni yóò gba òun. Mo la ẹnu, mo ní, "Ẹni tó ni ilẹ̀ ló ni ààlè."

Mi ò pa irọ́, ohun tí mo ń sọ fún ara mi láti ìgbà náà nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ ni mo sọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín: òtítọ́ tí a fi bo olè mọ́lẹ̀ burú ju irọ́ lọ. Síso tí mo so ó, ìwà òmùgọ̀ ni. Gbólóhùn yẹn, ìpànìyàn ni.

Òyìnbó ní òun kò lè gbé ẹ̀rọ sórí ilẹ̀ oníjà. Mo ní ilẹ̀ wà ní Fìdítì, Àlhájì ní, "Rárá, Akọ̀wé. A kì í gbé ìjà láti orí ilẹ̀ kan lọ sórí ìkejì." Mọ́tò òyìnbó lọ, eruku rẹ̀ pẹ́ kó tó wálẹ̀. Fìdítì ń sọ pé ará Ìlọrà kì í mú ọ̀rọ̀ ṣẹ, Ìlọrà ní kí Fìdítì má fi àwọn ṣẹ̀sín, àwọn ìlú tó kù padà sẹ́yìn. Kí òjò ọdún náà tó bẹ̀rẹ̀, Àjùmọ̀ṣe ti gbẹ bí ìrì. Ọsàn jẹrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì lọ́dún yẹn, ó ń jẹrà títí di òní.

Ní ti Sàúdátù, ẹ sọ ọ́ ní Afúnnigbà. Ẹ rántí. Àgbẹ̀ kò tà fún un mọ́, wọ́n ní bí ó bá sanwó tán, yóò tún wá gbà á. Ẹbí tó ń fẹ́ Fàòsíyà sọ́nà fún ọmọ wọn ránṣẹ́ pé àwọn kò ṣe mọ́: "Bí ó bá fún wa lọ́mọ lónìí, ṣé kò ní so ààlè mọ́ ọn lọ́la?" Ẹ rẹ́rìn-ín sí i. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ó wá bá mi nílé, ó gbé ọsàn lọ́wọ́. Ó ní, "Akọ̀wé, mi ò wá jà. Wọ́n ń gbọ́ tiyín. Ẹ ṣáà bá mi sọ fún wọn pé ẹ kò rò pé èmi ni. Nítorí ọmọ yìí ni." Mo ní, "Ìyá Fàòsíyà, ẹ ṣe sùúrù. Ọ̀rọ̀ a máa rọlẹ̀." Ó wò mí títí. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó lọ. Ọsàn náà wà lórí tábìlì mi, n kò lè jẹ ẹ́, n kò lè fún ènìyàn, títí ebu funfun fi bò ó. Òun ni ohun àkọ́kọ́ tó jẹrà nínú ilé mi.

Ó kó lọ sọ́dọ̀ àwọn ìbátan ìyá rẹ̀ ní Jọ́bẹ̀lẹ̀, ibẹ̀ ló kú sí. N kò lọ síbi ìsìnkú rẹ̀. Mo ní iṣẹ́ pọ̀.

Nígbà tí àìsàn yìí dá mi dùbúlẹ̀, mo ránṣẹ́ pe Fàòsíyà. Ó wá, ó jókòó lórí àpótí, ó fi ìborùn wé ọwọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò sunkún. Ó ní, "Bàbá, ṣé èmi lẹ pè kí n wá forí jì yín?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ṣé inú yàrá lẹ ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn sí ìyá mi?" Ó tún ní, "Lójú èrò lẹ ti sọ ọ́. Ẹ kó o jẹ lójú èrò. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ọ, ẹ wá bi mí léèrè ìdáríjì, n ó mọ ohun tí n ó sọ." Ó dìde. Ó kí mi pé kí ara ó le, gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí a kọ́.

Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ọmọ mi ka ọ̀rọ̀ yìí sókè lórí ilẹ̀ etí odò náà, lójú ìlú márààrún, kí Fàòsíyà wà níbẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo gbọ́ pé ẹ tún fẹ́ dá Àjùmọ̀ṣe mìíràn sílẹ̀. Ó dára. Ẹ wá owó, ẹ wá ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá wà láàárín yín tó fẹ́ ire ìlú, tó sì tún fẹ́ kí ire náà máa jẹ́ orúkọ òun, ẹ bi í léèrè ọ̀rọ̀ kó tó gun kẹ̀kẹ́. Ẹ má fún mi ní ìdáríjì lónìí. Ẹni tó yẹ kí ó ṣáájú nínú ìyẹn jókòó síwájú yín. Ohun kan ni mo bẹ̀ yín. Kí àwọn tó pe ìyá rẹ̀ ní Afúnnigbà dìde lórí ẹsẹ̀ wọn, kí wọ́n pe orúkọ tí bàbá obìnrin náà sọ ọ́. Èmi Ezekiel Adégòkè ni mo so ààlè yẹn. Sàúdátù fún yín nílẹ̀, kò sì gbà á padà.